Ẹ Wá Dókítà Kí Ológbò Yín Tó Ṣàìsàn: Fún Àwa Yorùbá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Àbújá àti Ilẹ̀ Hausa

Màlúù, àgùntàn àti adìyẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko lókè níbí ń tọ́jú jù. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n júwe "asibitin dabbobi", ìyẹn ilé ìwòsàn ẹranko, fún yín, wọ́n lè mú yín lọ síbi tó jẹ́ pé màlúù nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá wọ́n ń tọ́jú mage, ìyẹn ológbò. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, torí ẹni tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà kì í ṣe dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹni tó wà ní Kaduna tàbí Kano lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ ológbò ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi kì í sábà ṣáájú ọ̀sẹ̀ 12. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti jáde. Èmi máa ń bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni akọ ológbò tí kò lè tọ̀. Ẹ ó rí i tó ń lóṣòó léraléra, tó ń ké, tó ń lá abẹ́ rẹ̀, tí nǹkan kan ò sì jáde, àfi bóyá ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìgbẹ́ ló há, wọ́n á fún un ní òróró mu. Bẹ́ẹ̀, ohun tó dà bí iyanrìn ló dí ojú ìtọ̀ rẹ̀, tó sì tóóró púpọ̀ lára akọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á kún inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ máa gbé omi tútù sí ibi púpọ̀ nínú ilé, kẹ́ ẹ sì fi omi ẹja sí oúnjẹ rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà.

Parasítámọ́ọ̀ lè pa ológbò, kódà bó bá kéré. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà ń pa á. Èyí tí ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì, pàápàá tó bá sanra, ẹ gbé e lọ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́.

Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má pa ológbò náà. Bó bá jẹ́ ti ilé, ẹ tì í mọ́lé kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn dúró kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tiyín.