Káyáàkì aláfẹ́fẹ́ ẹlẹ́ni méjì: bí mo ṣe ń yàn án àti bí a ṣe ń lò ó

Bí ẹ bá fẹ́ ra káyáàkì aláfẹ́fẹ́, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù, èyí tí ẹni méjì lè jọ máa lò, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàbí àga tìmùtìmù inú rẹ̀ fa ojú yín mọ́ra. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kò sí igi, kò sí irin nínú irú ọkọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fún sínú rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá le dáadáa, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ lórí omi. Bó bá rọ̀, àárín rẹ̀ á tẹ̀ wọnú omi lábẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, imú àti ìdí rẹ̀ á yọ sókè, ẹ ó sì máa fi gbogbo agbára tù láìkúrò lójú kan.

Oríṣi ilẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ tíúbù gbọọrọgbọọrọ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, afẹ́fẹ́ tó sì máa ń gbà kò pọ̀, bíi psi 1 sí 3 (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú nǹkan ṣe le tó). Èkejì ni wọ́n ń pè ní drop-stitch. Awẹ́ méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán òwú ló sì so wọ́n pọ̀ láti inú. Àwọn òwú yẹn ni kì í jẹ́ kó wú rogodo. Bí ẹ ṣe ń fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ń le, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè gba psi 6 sí 10. Àgbàlagbà méjì wúwo, ilẹ̀ drop-stitch ni mo sì máa ń ní kí wọ́n rà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ tíúbù róbótó lásán. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ drop-stitch yára jù ú lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga, ó sì máa ń mì tìtì lábẹ́ ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ìwọ̀n ló kàn. Iye kìló tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kì í ṣe ti èèyàn nìkan. Omi mímu, báàgì, oúnjẹ àti aṣọ àfirọ́pò wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹnì kan jẹ́ kìló 75, ẹnì kejì 90, tí ẹrù yín sì jẹ́ 15, kìló 180 nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ 180 sí lára kò ní rì lábẹ́ yín, àmọ́ omi á máa ta wọlé, kò sì ní yára. Ẹ wá èyí tó lè gbé 230 sókè. Ní ti gígùn, èyí tó jẹ́ mítà 3.2 dára fún àgbàlagbà kan àti ọmọdé. Àgbàlagbà méjì nílò mítà 3.8 sí 4.2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn á máa gún ẹni iwájú lẹ́yìn, àjẹ̀ yín á sì máa gbá ara wọn. Ẹ rántí pé ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e dé etí omi o: èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó kìló 15 sí 20 nínú báàgì rẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá aṣọ polyester wà láàárín rọ́bà PVC rẹ̀. Èyí tí kò ní aṣọ nínú máa ń fà bí oòrùn bá pa á, òkúta kékeré sì lè lu ú. Kí yàrá afẹ́fẹ́ rẹ̀ má dín sí mẹ́ta, kí ọ̀kan lè jò kí ìyókù ṣì gbé yín dé èbúté. Bí wọ́n bá kọ ISO 6185 sí i lára, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ nìyẹn, ohun tó dára ni.

Ó yá, ká fún un ní afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní gééjì lára ni kí ẹ lò; ìka tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ wò kò lè sọ psi fún yín. Kí ẹ tó ki ẹnu pọ́ǹpù bọ fáàfù, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fáàfù, pín-ìn kékeré kan wà láàárín tó ní sípíríǹgì lábẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì yí i díẹ̀, á dúró sísàlẹ̀, ọ̀nà ti ṣí nìyẹn, afẹ́fẹ́ á máa jáde. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ tí ẹ yí i, á ta sókè, ọ̀nà ti dí. Òkè ni kó wà nígbà tí ẹ bá ń fún afẹ́fẹ́ sí i. Bó bá wà nísàlẹ̀, ìgbà tí ẹ bá yọ pọ́ǹpù báyìí ni gbogbo làálàá yín á tú jáde pẹ̀lú ariwo fùùù.

Ẹ ti lẹbẹ ìdí ọkọ̀ bọ àyè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó le, torí lẹ́yìn náà ó máa ń ṣòro. Láìsí lẹbẹ yẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi àjẹ̀ fa omi ni imú ọkọ̀ á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló máa sọ yàrá tí ẹ máa kọ́kọ́ kún àti iye psi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ẹ má kọjá rẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ sínú omi tó dé orúnkún fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Omi tútù máa ń mú kí afẹ́fẹ́ sún kì, ẹ ó sì rí i pé ó ti rọ̀ díẹ̀, ẹ fi kún un. Bí ẹ bá gbé e sórí yanrìn nínú oòrùn ọ̀sán, òdì kejì ló máa ṣẹlẹ̀: ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kó má bàa bẹ́ níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ta ló máa jókòó sẹ́yìn? Ẹni tó wúwo jù tó sì lágbára jù ni. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ máa ń tu tiwa. Òun ló sanra, ẹ̀yìn sì ni ipò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àgbà kọ́ ni ti ìdí ọkọ̀. Ẹni iwájú ló ń pinnu bí ẹ ó ṣe yára tó, torí kò rí ẹ̀yìn. Ẹni ẹ̀yìn á máa wo èjìká rẹ̀, á sì jẹ́ kí àjẹ̀ tirẹ̀ wọ omi nígbà kan náà, ní apá kan náà. Òun náà ló ń darí ọkọ̀: bó bá fi àjẹ̀ gbá omi láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ní ìlà fífẹ̀, imú ọkọ̀ á yí sí apá kejì. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú. Nílé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná" ni àbúrò mi máa ń sọ. Lórí omi, "Dúró!" ni, mo sì ti fún un láyè, torí òkúta tó wà níwájú kò ní dúró de ìkíni.

Ọkọ̀ yìí fẹ̀, torí náà àjẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 230 sí 240 ló bá a mu. Ẹ ki ojú àjẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá dé ìdí yín. Ẹ̀yìn àti ìkùn yín ni kó máa yí. Bó bá jẹ́ apá nìkan lẹ fi ń fà á, kò ní pẹ́ rẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ atẹ́gùn dáadáa, torí òun ni mo bẹ̀rù jù lọ. Káyáàkì aláfẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó sì ga lójú omi, apá kékeré ló wà nínú omi láti dì í mú. Kí ẹ tó kúrò léèbúté, ẹ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kí ẹ tù lọ síbẹ̀ kọ́kọ́, kó lè máa tì yín bọ̀ wálé nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú omi. Létí omi, igi àti ilé dínà rẹ̀, omi á pa rọ́rọ́, ó sì máa dà bí ọjọ́ tó dára jù. Ẹ ó kàn yọ̀ lọ bíi pé ẹ ò tù rárá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ padà lẹ ó tó mọ bó ṣe le tó. Bí ewé tàbí àsíá bá ń fẹ́ sọ́nà omi, èmi kì í wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé atẹ́gùn máa ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan, mo máa ń fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dè é. Èyí tí ẹ jókòó lé kò lè gbà yín. Ẹ so fèrè mọ́ ọn, kí fóònù wà nínú àpò tí omi kì í wọ̀, lára yín. Bí omi bá tutù, aṣọ tó bá omi mu ni kí ẹ wọ̀, kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ẹ fi ọjọ́ kan kọ́ bí ẹ ó ṣe padà wọnú ọkọ̀, níbi tí omi ti pa rọ́rọ́ nítòsí èbúté. Bó bá dojú dé, ẹ má fi í sílẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ, torí ó ṣì ń léfòó, ó sì rọrùn fún olùgbàlà láti rí i ju orí èèyàn lọ. Ẹ na ọwọ́ kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ di etí kejì mú, kí ẹ sì fà á yí padà. Ẹni tó wúwo á di ẹ̀gbẹ́ kan mú ṣinṣin. Ẹni tó fúyẹ́ á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á gbé ọwọ́ lé tíúbù, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ léfòó sókè lẹ́yìn rẹ̀, á fi wọ́n gbá omi kíkankíkan, á sì fà á dé ìkùn rẹ̀ kó tó yí jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè tààrà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rì sábẹ́ ọkọ̀ á kàn máa fà á lé ara rẹ̀ lórí ni. Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà nínú á fara ti ẹ̀gbẹ́ òdìkejì kí ẹnì kejì lè wọlé.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, pàápàá bó bá jẹ́ omi iyọ̀ lẹ ti lò ó. Omi máa ń fara pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ àti sáàárín tíúbù àti aṣọ ìbòrí. Ẹ gbé e dúró lórí ìdí rẹ̀ kó ṣẹ́ jáde, ẹ fi aṣọ nù ún, kó gbẹ tán kí ẹ tó ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu. Ibi tí eku kò lè dé ni kí ẹ gbé e sí. Bó bá ń jò, ẹ fi omi ọṣẹ pa á lára. Ibi tó bá ń hó ni ihò wà. Ẹ fi sáńpépà họ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́ nù ún, ẹ fi gọ́ọ̀mù PVC kun ibẹ̀ àti abala tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má sì fún un ní afẹ́fẹ́ títí wákàtí 24 á fi pé.