Físà Kánádà tí wọ́n ń kọ̀ torí ẹjọ́ àtijọ́: ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa

Wọ́n ń kọ físà Kánádà fún ẹ̀gbọ́n mi ṣáá, torí ẹjọ́ ìjà kan tí kóòtù Kábà ti ní kó san fáìnì lé lórí tipẹ́. A kọ́kọ́ rò pé owó ni ìṣòro, la bá kó owó sí akáǹtì, a bẹ ẹ́jẹ́ǹtì, ló bá kàn jẹ owó wa. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà wọn dáadáa ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni wọ́n kọ síbẹ̀, owó kọ́ rárá. Fọ́ọ̀mù IMM 1444, èyí tí wọ́n fi ń bẹ ìjọba Kánádà pé kí wọ́n má fi ẹjọ́ àtijọ́ dí èèyàn lọ́nà mọ́, ló yanjú ẹ̀, ó kàn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 5 téèyàn ti parí ìyà ẹ̀ pátá. A gba ìwé ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, rìsíìtì fáìnì tí ikán ti jẹ létí, ìwé ọlọ́pàá, òun náà kọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó pẹ́ gan-an o, àmọ́ wọ́n gbà á. Tí ẹjọ́ tiyín bá ju ìjà lọ, mi ò lè sọ.