Bí A Ṣe Ń Béèrè Àkọsílẹ̀ Owó Ìlú ní Iléṣà

Ẹnikẹ́ni tó bá rí kànga dẹ̀rọ tí wọ́n ná owó ìlú lé lórí ní Iléṣà, ṣùgbọ́n tí omi kò jáde nínú rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye tí wọ́n ná. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 ló fún un ní ẹ̀tọ́ yìí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ náà wà. Ẹ má fi ẹ̀sùn olè sínú rẹ̀. Ohun tí ìwé lè dáhùn ni kí ẹ béèrè: ẹ̀dà ìwé àdéhùn, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n san fún un àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Lójú tèmi, ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìbéèrè tí kò ṣe pàtó rọrùn láti yẹ̀ sílẹ̀. Òfin kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ sì lè rán ẹlòmíràn.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ óò mú padà, torí ọjọ́ 7 péré ni òfin fún wọn láti dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba kóòtù lọ. Owó ìtanràn ẹni tó bá fi ìwé dù yín láìtọ́ jẹ́ 500,000 náírà.