Fílítà ọ́ìlì kò fẹ́ wọlé: má tíì mú sípánà

Tí fílítà tuntun bá ti ń le lọ́wọ́ rẹ láti ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, dá ọwọ́ dúró. Mo máa ń tún un sọ fún ọmọṣẹ́ mi títí. Fílítà tó bá mú dáadáa, ọwọ́ lásán ló ń yí i wọlé títí rọ́bà ẹnu rẹ̀ á fi kan ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tó o bá fi sípánà tì í, tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ilà yíyí tí wọ́n fi ń wọ inú ara wọn) ara ẹ́ńjìnnì lo ń jẹ run.

Tú u, kó o gbé e sẹ́nu bóòtù oníhò tó yọ síta lára ẹ́ńjìnnì, tí fílítà ń wọ̀ sí, kí ó dúró gbọọrọ. Kọ́kọ́ rọra yí i sí òsì, bí ẹni ń tú u. Tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì bá bọ́ sínú ara wọn, wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, á ṣe "kẹ́". Ibẹ̀ ni kó o ti wá yí i sí ọ̀tún. Nígbà tó o bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ojú kì í sábà ríbẹ̀, ọwọ́ ló máa ṣiṣẹ́ ojú, torí náà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ná.

Kò tíì gbà? Má ju fílítà àtijọ́ nù. Wo ẹnu rẹ̀ bóyá bóòtù yẹn ló bá a jáde. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà kó sì le dáadáa. Tí bóòtù bá wà láyè rẹ̀, dán fílítà àtijọ́ wò lórí rẹ̀. Tó bá yí wọlé wẹ́rẹ́, fílítà tuntun ló níṣòro. Tí òun náà bá há, bóòtù ni. Àyẹ̀wò yìí ni mo fọkàn tán jù.

Ìṣòro fílítà tuntun sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n. M20×1.5 àti 3/4-16, orúkọ ìwọ̀n tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjì, jọra gan-an lójú: ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 20, èkejì 19.05. Fílítà 3/4 kò ní wọ bóòtù M20. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀: fílítà M20 á wọ bóòtù 3/4, á máa mì jẹ́jẹ́, á dà bíi pé ó mú, àmọ́ agbára ọ́ìlì lè já a dànù lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà tó bá ọkọ̀ rẹ mu ni kó o rà.

Tó bá jẹ́ bóòtù, fi àkísà nù ún. Bí ẹnu rẹ̀ bá wú díẹ̀, fáìlì tẹ́rẹ́ẹ̀dì lè tún un ṣe. Èyí tó ti jẹ, pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí fílítà kan ń tètè dúró mọ́ mi lọ́wọ́, tí mo ń dá tẹ́rẹ́ẹ̀dì lẹ́bi. Àṣé rọ́bà fílítà àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì! Ká ní mo dè é bẹ́ẹ̀, rọ́bà méjì yẹn ì bá bẹ́, gbogbo ọ́ìlì á sì dà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé fílítà sókè láìfi ìka yí ojú ibẹ̀ po.

Fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà. Tó bá ti kan ara ẹ́ńjìnnì, fi ọwọ́ yí i bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo sí i, àfi tí wọ́n bá kọ ìlànà mìíràn sára fílítà náà. Da ọ́ìlì sí i, tan ẹ́ńjìnnì, wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, kó o pa á, kó o wá fi gééjì wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó.