Bí Ẹ Ṣe Lè Po Oògùn Kòkó Kí Ẹnu Páǹpù Má Dí

Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, tí àrùn kòkó dúdú sì bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ Èkìtì kì í fẹ́ kí ọjọ́ kan ṣòfò. Àwọn kan a máa da ajílẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn kọ́pà lẹ́búlẹ́bú nínú páǹpù kan náà, kí wọ́n lè fi ìrìn kan ṣe iṣẹ́ méjì. Bí oògùn náà bá wá ki, tó ṣù, tí ẹnu páǹpù dí, wọn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ inú ajílẹ̀ ló fà á.

Oògùn lẹ́búlẹ́bú kì í yọ́ bíi ṣúgà. Ẹ̀rún rẹ̀ ló ń rìn káàkiri nínú omi. Nígbà tí wọn kò pọ̀, ìṣirò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Einstein fi hàn pé bí ẹ̀rún róbótó bá gba ìdá 1 nínú 100 àpòpọ̀ náà, nǹkan bí ìdá 2.5 nínú 100 ni kíki rẹ̀ fi ń lé sí i. Bí wọ́n bá ti wá fún pọ̀ bí èrò Ọjà-Ọba Adó lọ́jọ́ ọjà, kíki náà á ga lójijì. Ẹ má kọjá ìwọ̀n tó wà lára páálí.

Ti iyọ̀ yàtọ̀. Irú iná mànàmáná kan náà ló wà lára àwọn ẹ̀rún náà, òun ni wọ́n fi ń ti ara wọn sẹ́yìn. Iyọ̀ máa ń bo agbára yìí mọ́lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ tó, ẹ̀rún á lẹ̀ mọ́ra, wọn á ṣù, wọn á sì há omi sáàárín. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè ki láìjẹ́ pé ẹ fi ẹyọ oògùn kan kún un. Bí àpòpọ̀ náà bá sì ṣàn bí omi, ìṣù náà á rọ̀ sísàlẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan o: iyọ̀ ni pọ́táṣì, iyọ̀ sì pọ̀ nínú ajílẹ̀ NPK. Kálísíọ̀mù inú omi kànga mìíràn tilẹ̀ le ju iyọ̀ ọbẹ̀ lọ. Omi òjò tó mọ́ ló dára jù.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ po oògùn nínú ike, kí ẹ tó dà á sínú páǹpù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ajílẹ̀ sí i, ẹ wọ ibọ̀wọ́, ẹ po díẹ̀ sínú ìgò funfun ní ìwọ̀n tí ẹ ó lò lóko, ẹ po oògùn nìkan sínú ìgò kejì. Ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ti ajílẹ̀ bá ṣù, tí mímì kò tú u, ẹ fín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹnu páǹpù bá ti dí, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kó jìnnà sódò.