Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan project yín

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ṣì ń sọ "ó di ọ̀la" lórí chapter two, ẹ gbọ́ o. Ẹ má jókòó pé ẹ fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kára wúwo. Ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú 25 péré lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé fóònù fún rúúmètì yín (WhatsApp ò ní sá lọ jàre), kẹ́ ẹ wá kọ páráágíráàfù kan, kó tiẹ̀ burú, súpáfáísọ̀ ṣáà máa fa bírò pupa sí i náà ni. Tí aago yẹn bá dún, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ tún padà sórí iṣẹ́. Francesco Cirillo ará Ítálì ló dá ọgbọ́n yìí nígbà tóun náà wà ní yunifásítì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ má parí gbólóhùn tó kẹ́yìn, ibẹ̀ lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.