Ẹ́ńjìnnì Ń Dún, Iná Ò Yọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA mi ti wà nílẹ̀ bí oṣù mẹ́fà. Mo fà á lánàá, ó dáhùn kíá, ohùn ẹ́ńjìnnì já gaara, àmọ́ gílóòbù kan ò tàn. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kọ́ìlì ti jó, kí n lọ mú owó tuntun wá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Má tíì yọ owó, àbúrò. Kọ́ìlì tó bá jó máa ń rùn, wáyà rẹ̀ á sì dúdú. Ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Bí wáyà bá ṣì ń pọ́n dán, tí òórùn ò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òòfà ló tán lára irin inú rẹ̀.

Ọdún 1831 ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́bàá wáyà, iná á jí nínú wáyà náà. Bí òòfà bá dúró gbagidi, iná ò sí. Bí irin bá ń yí tí kò sí òòfà lára rẹ̀, iná ò sí náà. Rótọ̀ tó ń yí nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ kì í ṣe òòfà látilẹ̀wá, irin tí wọ́n wé wáyà mọ́ ni. Òòfà táṣẹ́rẹ́ ló máa ń ṣẹ́ kù sára irin yẹn nígbà tí o bá pa á. Bí ẹ̀yinná tí ìyá àgbà bò mọ́ inú eérú lálẹ́ ló rí: òun la fi ń dáná àárọ̀. Ìwọ̀nba iná tí táṣẹ́rẹ́ yẹn bá mú wá ni AVR, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàkóso bí iná ṣe ń lágbára tó, máa gbà, á dá a padà sí rótọ̀, òòfà á le sí i, iná á pọ̀ sí i, títí á fi dé 220 fóòtì. Bí ẹ̀yinná bá kú, kí ni AVR fẹ́ fẹ́?

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa dá a padà, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wo búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì, àwọn dúdú kékeré tó fara ti òrùka bàbà lára rótọ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá bá mi tí wọ́n ti fẹ́ ra kọ́ìlì sí. Mo fi ìka ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò mira. Ìdọ̀tí epo ti dì í mọ́ inú ihò. Mo nù ún, mo fi sanpépà dídán ra òrùka, iná dé. Kò ná wọn ju owó iṣẹ́ lọ.

Bí búrọ́ọ̀ṣì bá dára, wá bátìrì ọkọ̀, 12 fóòtì. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ gbogbo ohun tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Yọ wáyà AVR kúrò lórí búrọ́ọ̀ṣì, má fo eléyìí o, kí bátìrì má bàa ba AVR jẹ́. Fi pósítíìfù bátìrì kan ibi tí wáyà pupa ti kúrò, négétíìfù kan ìkejì, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí o mú un kúrò. Ó lè ta pàrà, má jáyà. Dá wáyà padà, kí o fà á. Níta gbangba ni kí o ti fà á, kì í ṣe kọ́rídọ̀. Èéfín yẹn ń pa odidi ìdílé lójú oorun, mo bẹ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, tèmi kékeré ni, “I better pass my neighbour” tí mo fi ń ránṣọ. Wọ́n ní kò ní AVR. Òun náà ò mú iná wá.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, mà. Kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná sínú, ló ń ṣiṣẹ́ AVR nínú tiyín. Bó bá wú bí àkàrà, ó ti kú. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi pààrọ̀. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kí ẹni tó máa yọ ọ́ fi wáyà gílóòbù kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì ná, kó lè tán.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó tàn! Kí ló mú òòfà yẹn lọ?

Ìdáhùn: Oṣù mẹ́fà tó fi jókòó tó o. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí epo tán nígbà tí fíríìjì ṣì wà lórí rẹ̀, ìyẹn náà máa ń fà á. Yọ ẹrù kúrò kí o tó pa á, kí o sì máa fà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kó gbé gílóòbù kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.